Bí Ìjọba Bá Ti Ìkànnì Tí Ẹ Kó Fáìlì Sí Pa: Bí Ẹ Ṣe Lè Dáàbò Bo Iṣẹ́ Yín àti Àṣírí Yín

Iṣẹ́ kámẹ́rà àti édítíǹgì ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Mo máa ń ya ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀, mo sì máa ń gé fíìmù Yorùbá nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá yọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ìkànnì tó ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kàn mí lọ́nà méjì. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára tí fíìmù tí ènìyàn fi oorun du ara rẹ̀ gé bá ti wà lórí Telegram kí ẹni tó fowó sí i tó rí kọ́bọ̀ gbà padà. Mo sì mọ̀ pé inú server (àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí fáìlì orí ayélujára wà nínú wọn) kan náà tí àwọn páírétì, ìyẹn àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ pín, ń kó ẹrù olè sí ni èmi àti irú mi ń kó fídíò àwọn oníbàárà wa sí. Nígbà tí ọlọ́pàá bá dé, wọn kì í bèèrè pé èwo ni ti ta.

Ẹ má ṣe wá ọgbọ́n tí ènìyàn fi lè jí fíìmù wò láì jẹ́ kí wọ́n mú un sínú ìwé yìí, nítorí kò sí níbẹ̀. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni oníkámẹ́rà, olórin, aláfáà tó ń gba wáàsí sílẹ̀, pásítọ̀ tó ń tọ́jú ìwàásù, àti ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan tirẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó lórí ayélujára.

Ohun tí wọ́n ń tì pa gan-an

Tí ìròyìn bá ní wọ́n ti ìkànnì kan pa, ohun mẹ́ta ló lè jẹ́, ohun tí ẹ sì máa ṣe yàtọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó lè jẹ́ orúkọ ìkànnì nìkan ni wọ́n gbà. Gbogbo orúkọ tó parí sí .com, iléeṣẹ́ Verisign tó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia l'Amẹ́ríkà ló ń tọ́jú ìwé orúkọ wọn. Tí adájọ́ Amẹ́ríkà bá ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, Verisign á yí orúkọ náà gba ibòmíràn, ì báà jẹ́ Hong Kong ni ẹni tó ni ín ti ń ṣòwò. Ẹ ó tẹ àdírẹ́sì tí ẹ mọ̀ bí ẹni mowó, àmì ìjọba ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, fáìlì yín lè ṣì wà níbi tó wà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni wọ́n dí.

Ó sì lè jẹ́ server fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá Sweden wọ ibi tí server The Pirate Bay, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, wà ní Stockholm. Wọ́n kó tirẹ̀, wọ́n sì kó ti àwọn oníbàárà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn rárá mọ́ ọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan The Pirate Bay ti padà sórí ayélujára.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò ni ẹ̀kẹta: kí wọ́n mú àwọn ẹni tó ni ìkànnì, kí wọ́n sì di owó wọn mọ́ báńkì. Nígbà náà, kò sí ẹni tó máa san owó ilé tí server wà. Ọlọ́pàá lè má fọwọ́ kan fáìlì yín, síbẹ̀ kí onílé pa á rẹ́ torí pé owó kò wọlé mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Megaupload

Ìtàn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kí n tó fi bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú hàn wọ́n. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti gba Megaupload, ìkànnì kan tí ẹnikẹ́ni lè kó fáìlì sí. Lágbègbè Coatesville nítòsí Auckland, ní New Zealand, àwọn ọlọ́pàá fi hẹlikọ́pítà wọ ilé Kim Dotcom, ọmọ Jámánì tó dá ìkànnì náà sílẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé wọ́n ti pa ju mílíọ̀nù 175 dọ́là lọ lórí iṣẹ́ oníṣẹ́, pé àdánù tí wọ́n sì ti kó bá àwọn tó ni iṣẹ́ ju mílíọ̀nù 500 dọ́là lọ. N kò ní gbèjà wọn. Méjì nínú àwọn tí òun àti wọn jọ ń darí rẹ̀, Mathias Ortmann àti Bram van der Kolk, gbà nílé ẹjọ́ ní 2022 pé àwọn jẹ̀bi, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó kó fáìlì tiwọn síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí. Ọkùnrin oníkámẹ́rà kan wà ní ìpínlẹ̀ Ohio tó máa ń ya fídíò eré ìdárayá àwọn ọmọ iléèwé gíga. Àwọn òbí ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Hard drive rẹ̀ bàjẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ti Megaupload pa, ẹ̀dà tó kù sì wà lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ Electronic Frontier Foundation, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ayélujára, bá a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ìwé lọ, ìwé bọ̀, ọdún ń gorí ọdún. Ìjọba ní àwọn ti da ohun tí àwọn nílò kọ, pé server kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́, kí ó lọ bá iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn. Iléeṣẹ́ náà, Carpathia ní Virginia, ní server tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ nílẹ̀, ó ní nǹkan bí 9,000 dọ́là ni òun ń ná lójúmọ́ láti fi tọ́jú wọn, kò sì sí ẹni tó ń san án. Ní Netherlands, iléeṣẹ́ LeaseWeb nu 630 server Megaupload nù pátápátá ní 2013. Ohun tí àwọn ènìyàn jákèjádò ayé kó síbẹ̀ nìyẹn.

Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá kan àgádágodo mọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù inú plásà kan nítorí ayálégbé kan, tí wọ́n wá ní kí àwọn tó kù lọ bá onílé, tí onílé náà sì wà látìmọ́lé.

Ọ̀ràn àṣírí tún wà nínú ẹjọ́ kan náà. GCSB, iléeṣẹ́ amí New Zealand, ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Dotcom ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n tó mú un, bẹ́ẹ̀ ó ti ní ìwé ìgbélùú, òfin kò sì gbà kí GCSB ṣe amí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Olórí ìjọba wọn, John Key, tọrọ àforíjì ní gbangba ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí òfin padà kí GCSB lè máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Ẹni tí wọ́n ń lé lè jẹ́ olè. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n yí nítorí rẹ̀, gbogbo ará ìlú ló bá.

Ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan má sí nílé

Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé fáìlì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà níbi tó jìnnà sí àwọn tó kù. Orí ayélujára lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan.

Lálẹ́ ọjọ́ ìnáwó, kí n tó sùn, mo máa ń da ohun tó wà lórí káàdì kámẹ́rà sórí hard drive méjì. Mi ò ní nu káàdì náà títí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rèé: mo máa ń fi iye fáìlì àti bí wọ́n ṣe tóbi tó lórí káàdì wé ti orí hard drive, lẹ́yìn náà màá ṣí fídíò mélòó kan, màá wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin. Fídíò tó ṣí níbẹ̀rẹ̀ tó sì kú láàárín pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, orí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ ti dà á, tàbí lórí inverter. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín tí fáìlì ń wọlé, ó lè ba hard drive jẹ́, kì í ṣe fáìlì náà nìkan.

Hard drive kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìkejì wà nílé màmá mi ní Mọ́níyà. Mo kọ orúkọ ìnáwó àti ọjọ́ sí i lára. Ẹ má gbé e sínú dúrọ́ọ̀ kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ máa so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù mélòó kan kí ẹ rí i pé ó ṣì ń jí.

Ti orí ayélujára wá ńkọ́? Ẹ pín in sí méjì. Ibi tí ẹ ti ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí oníbàárà kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀dà pípẹ́ sí. Ìkànnì ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé fáìlì sí láì forúkọ sílẹ̀, tí ìpolówó tẹ́tẹ́ kún ojú rẹ̀, tí fíìmù tuntun sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹ má kó iṣẹ́ oníbàárà síbẹ̀ rárá. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ lo iléeṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, tí ẹ mọ orílẹ̀-èdè tó wà, tó sì ní àdírẹ́sì tí ènìyàn lè kọ̀wé sí.

Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn yín pé oṣù mélòó ni ẹ ó fi tọ́jú fídíò lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gbà á. Ó ń dín ẹjọ́ kù, ó sì ń jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ pa rẹ́.

Ẹ tì í kí ẹ tó gbé e sókè

Fídíò tí mo ń yà kì í ṣe tèmi nìkan. Ojú ìyá ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, nọ́ńbà mọ́tò àlejò wà níbẹ̀, ilé ẹbí hàn kedere. Ìyá àgbà kan bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n má jẹ́ kí ojú òun dé ibi tí gbogbo ayé ti lè rí i nínú fídíò ìsìnkú ọkọ òun. Tí mo bá kó irú fídíò bẹ́ẹ̀ sórí server láì fi ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tì í, tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kan sì wá da gbogbo server náà kọ, ojú ìyá yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń lò ni 7-Zip, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń di fáìlì pọ̀ tó sì ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà Windows ló wà. Ẹ tẹ fódà náà pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún máòsì, ẹ yan 7-Zip, ẹ yan Add to archive. Níbi Archive format, ẹ yan 7z. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí apá ibi tí wọ́n kọ Encryption sí, ẹ rí i pé AES-256 ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó tẹ OK, ẹ fi àmì sí Encrypt file names. Ẹ má fo èyí o. Tí ẹ kò bá fi àmì sí i, ẹni tó bá rí fáìlì náà kò ní rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n á rí orúkọ rẹ̀, tí orúkọ fáìlì bá sì jẹ́ orúkọ ìyàwó, ọkọ àti ọjọ́ ìgbéyàwó, kí ló tún kù tí kò mọ̀?

Ọ̀rọ̀ aṣínà: ẹ to ọ̀rọ̀ Yorùbá márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bára tan pọ̀, ẹ kọ wọ́n láì fi àmì ohùn sí i. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òwe, kò gbọdọ̀ jẹ́ oríkì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì, torí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni àwọn tó ń já ọ̀rọ̀ aṣínà máa ń kọ́kọ́ dán wò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Tó bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, ẹni tó ṣe 7-Zip pàápàá kò lè ṣe é.

Ẹ̀dà ìpamọ́ nìkan ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Fóònù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń lò, kí a sì sọ òótọ́, fáìlì 7z á dà wọ́n láàmú. Líǹkì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó sì máa kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo máa ń pè wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lórí fóònù. N kì í fi í sínú WhatsApp tí líǹkì wà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá bá àmì ìjọba níbẹ̀

Àmì tó jẹ́ òótọ́ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń ní èdìdì iléeṣẹ́ ìdájọ́ wọn àti ti FBI, á sọ pé ilé ẹjọ́ ló pàṣẹ kí wọ́n gba orúkọ ìkànnì náà, á sì dúró síbẹ̀. Kì í bèèrè owó. Kì í ní kí ẹ kọ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ní 2012, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Reveton ń tì kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn pa, ó ń gbé àmì FBI sójú rẹ̀, ó ní wọ́n ti rú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, kí wọ́n san owó ìtanràn. FBI fúnra wọn ló jáde sọ pé irọ́ ni, àwọn kọ́. Ọgbọ́n náà kò tíì kú.

Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ ìkànnì náà, ẹ wo bóyá wọ́n ti yí nameserver rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́ka ibi tí orúkọ náà ń lọ) padà láìpẹ́. Ẹ tún wo justice.gov bóyá ìjọba ti kéde rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ìkànnì mìíràn á yọjú pẹ̀lú orúkọ tó jọ ti àtijọ́, àwọ̀ kan náà, ojú kan náà. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ti KickassTorrents, ìkànnì mìíràn tó ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́, pa ní 2016. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín àtijọ́ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà ni ẹ ń lò fún ímeèlì tàbí báńkì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ rí, ẹ kó rìsíìtì owó tí ẹ san jọ, ẹ kọ orúkọ àwọn fáìlì yín sílẹ̀ àti ìgbà tí ẹ gbé wọn sókè. Ẹ wá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tí server wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti sí agbẹjọ́rò ìjọba tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìkéde: fáìlì yìí ni tèmi, ẹ̀rí rèé, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ má jáfara. Ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ni agbẹjọ́rò ìjọba kọ̀wé nípa server Megaupload pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa dátà rẹ́ láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa yín

Artem Vaulin, ará Ukraine tí wọ́n ní òun ló ni KickassTorrents, ni wọ́n mú ní Poland ní oṣù Keje ọdún 2016. Ohun tó tú u fó kéré lójú: ìwé tí Apple fi lé ìjọba lọ́wọ́ fi hàn pé ó ra nǹkan lórí iTunes pẹ̀lú àdírẹ́sì IP kan (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti wọ ayélujára), àdírẹ́sì yẹn kan náà ni wọ́n sì fi wọ Facebook ìkànnì náà lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dáràn ni wọ́n wá, wọ́n sì rí i. Ṣùgbọ́n irú àkọsílẹ̀ kan náà wà fún èmi àti ẹ̀yin, bí a kò tilẹ̀ jí nǹkan kan.

Ní 2008, nígbà tí Viacom pe YouTube lẹ́jọ́, adájọ́ ní New York pàṣẹ pé kí Google fi àkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó wo fídíò sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi wọlé àti àdírẹ́sì IP wọn, terabyte méjìlá. Ariwo ta kí wọ́n tó gbà láti bo orúkọ àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé ẹjọ́ gíga wọn dájọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé ìjọba Faransé lè fi àdírẹ́sì IP wá ẹni tó ń pín iṣẹ́ oníṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ya àkọsílẹ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n mọ̀ nípa onítọ̀hún.

Ní Nàìjíríà tiwa, láti ìgbà tí wọ́n ti so SIM mọ́ NIN, nọ́ńbà fóònù ti di ojú ènìyàn. Abala 38 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ayélujára tọ́jú àkọsílẹ̀ lílò wa fún ọdún méjì. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sì ní a lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣírí ilé wa, ìwé wa àti ọ̀rọ̀ fóònù wa. Òfin méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà.

Ohun tí ẹ lè ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò. Ẹ ní ímeèlì ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́. Tí ẹ kò bá lo ìkànnì kan mọ́, ẹ pa àkáǹtì yín níbẹ̀ rẹ́, ẹ má kàn fi í sílẹ̀. Òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ohun tí iléeṣẹ́ ní nípa yín àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ dárúkọ òfin náà, tí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Nigeria Data Protection Commission. Ní ti VPN, ìyẹn ètò tó ń gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn gbé yín wọ ayélujára, ó dára fún Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì àti ti gbọ̀ngàn ìnáwó, ṣùgbọ́n ó kàn gbé àkọsílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan sí òmíràn ni. Ẹ mọ ẹni tí ẹ gbé e lé lọ́wọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Peckham ní London bi mí léèrè nípa lẹ́tà tó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ lọ́yà, pé ẹnìkan fi ayélujára ilé yín gba fíìmù, ẹ san iye báyìí. Mo ní kó má jù ú nù, kó má sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Àdírẹ́sì IP ń tọ́ka sí ilé, kì í tọ́ka sí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà, nínú ilé tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti pàṣẹ kí iléeṣẹ́ ayélujára tó fi orúkọ oníbàárà lé wọn lọ́wọ́. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ náà, ẹ gbé e lọ sí Citizens Advice. Ní 2010, ímeèlì ACS:Law, iléeṣẹ́ lọ́yà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, tú sórí ayélujára, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn àti fíìmù tí wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn wọ́n, tó fi mọ́ fíìmù oníhòhò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò tíì bá ṣẹjọ́ kankan.

Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yín ni wọ́n jí

Èmi náà fẹ́ kí wọ́n mú olè. Mo fẹ́ kí ọlọ́pàá wọ ibi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ wa. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì í kí wọ́n tó ṣèwádìí. Dajaz1, ìkànnì orin kan l'Amẹ́ríkà, ni ìjọba gbà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Wọ́n dá a padà lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, wọn kò fi ẹ̀sùn kankan kan ẹni tó ni ín. Wọ́n gba orúkọ Rojadirecta, ìkànnì eré ìdárayá kan ní Spain, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ Spain ti dá a láre tẹ́lẹ̀. 2012 ni wọ́n tó dá a padà. Òfin Copyright tuntun ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún Nigerian Copyright Commission lágbára láti dí ọ̀nà ìkànnì tí wọ́n bá gbà pé ó ń rú òfin, ì báà wà nílé tàbí lẹ́yìn odi. Mo dúpẹ́ fún òfin náà, mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí adájọ́ máa wo ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dí ọ̀nà, kí wọ́n sì fún àwọn tó ní fáìlì mímọ́ níbẹ̀ láǹfààní láti kó o jáde.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí iṣẹ́ yín níbi tí kò yẹ, fáìlì náà ni kí ẹ lé, kì í ṣe gbogbo ìkànnì. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì tàbí tó ń gbà á sórí server wọn. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ náà, ọdún tó jáde, ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín, àti líǹkì fáìlì kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà gan-an. Ẹ kọ gbólóhùn kan pé òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí tí Nigerian Copyright Commission máa ń fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ tó wọn létí kì í ṣe dandan, àmọ́ ó ń mú kí ọ̀rọ̀ yá. Lórí Telegram, dmca@telegram.org ni ẹ ó kọ ọ́ sí. Lórí YouTube, fọ́ọ̀mù wà fún un.

Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù tàbí ti lọ́yà ni kí ẹ lò, ẹ má lo ti ilé. Ẹni tí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn lè rí orúkọ yín, Google sì máa ń fi ẹ̀dà irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Lumen, ibi tí àwọn oníwádìí ti ń kà wọ́n. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n dáhùn sílẹ̀. Tí fáìlì kan náà bá tún yọjú pẹ̀lú líǹkì mìíràn, ẹ kọ ìwé tuntun, ẹ fi ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ tì í lẹ́yìn, ẹ sì dárúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ bí orúkọ tó ń lò níbẹ̀ bá jẹ́ kan náà, nítorí òfin Copyright tuntun yẹn gbà kí wọ́n ti àkáǹtì ẹni tó bá ń ṣe é léraléra.